Bí Imú Erin Ṣe Gba Orúkọ Arìnmáró Lọ́wọ́ Mi

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ Etí-Ìgbì. Ẹni tó bá ní àgbàdo lọ́wọ́, kó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rún nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀ mi nígbà tó bá dójú ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà nìyẹn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó ń já ewé.

Èmi Ọdẹ́tóyè, ọkọ Àwẹ̀ró, baba Fọlárìn, èmi tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Alágò, tí àwọn ọmọ yín fi ń kọrin lójú pópó, kì í ṣe orúkọ tí mo fi jẹ ọdẹ nìyẹn. Arìnmáró ni gbogbo ọdẹ ilẹ̀ yìí ń pè mí nígbà tí eegun mi ṣì yi. Mo lè rìn lórí ewé gbígbẹ kí ewé kan máa bi èkejì pé, "Ṣé ẹnì kan kọjá ni?" kí èkejì sì fèsì pé, "Rárá o, atẹ́gùn ni." Mo ti fa irun tu nírù ìgalà tó ń jẹko lọ́wọ́ rí, ẹran náà kàn ju ìrù pẹ́ẹ́, ó rò pé eṣinṣin ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Irun náà ni wọ́n rán mọ́ etí fìlà mi yìí, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yin ẹyẹ fún fífò, ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀ka tó bà lé léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn nínú igbó náà ni mo ṣe ń rìn nínú ilé. Àwẹ̀ró á dojú kọ ìkòkò ọbẹ̀, bó bá yíjú padà báyìí, èmi ló máa bá lẹ́yìn rẹ̀ bí òkú tó jí. Ìkòkò tó ti bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn nítorí mi, àwọn amọ̀kòkò ló jẹ èrè rẹ̀.

Ó máa ń sọ pé, "Baba Fọlárìn, ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni? Kí ló dé tí o kò lè kágò kí o tó wọlé bíi ti gbogbo ọmọlúàbí?"

Èmi á ní, "Àwẹ̀ró, ọdẹ kì í kágò. Ẹran tó bá gbọ́ àgò ọdẹ, ìlú mìíràn ló máa sùn."

Á ní, "Èmi kì í ṣe ẹran o."

Èmi á rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ẹ̀rín tí mo rín nígbà náà, mo ti san án padà pẹ̀lú èlé.

Gbogbo yín lẹ mọ Imú Erin, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àlejò tó jókòó sẹ́yìn yẹn. Ilẹ̀ kan ló yọ lára ìlú wa, tó na gbọọrọ wọ inú òkun bí ìgbà tí erin bá na imú láti mumi. Igbó ló bò ó, igbó tó ń rùn fún iyọ̀, tí gbogbo igi inú rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tó ń yẹra fún àbàrá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọrùn ilẹ̀ náà, nídìí igi àgbọn méjì tó forí korí, ó gba etí òkun lọ, òkun á máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ó yí imú náà po, ó sì gbé ọ padà sídìí igi àgbọn méjì yẹn. Àwọn arìnrìn-àjò tó máa ń wá fẹsẹ̀ rìn ín máa ń sọ pé kò sí ibi tó rẹwà tó o, pé ojú ń rí òkun, ojú ń rí igbó, ọkàn á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Wọn ò tíì rí ohun tí mo rí. Ní ṣóńṣó imú náà ni ilé àtùpà wà, lọ́wọ́ òsì ọ̀nà, ó funfun, ó ga gogoro, ó dúró bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tí aládùúgbò ń sè. Iná orí rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn apẹja wa lójú òkun pé, "Ẹ má gba ibí, Eyín Erin wà níbí." Eyín Erin ni àpáta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi níbẹ̀. Ọkọ̀ tí eyín náà bá gé jẹ, kì í pọ̀ ọ́ padà.

Bàbá Ṣówándé ló ń tọ́jú iná náà. Ẹnu ni Ọlọ́run kọ́kọ́ dá nínú bàbá yìí, ó wá wá ara fi sí i lẹ́yìn. Ó ń kí èèyàn, ó ń kí ewúrẹ́, ó ń kí akàn létí omi. Bó bá ti gba epo àtùpà nílùú tó ń padà lọ, a máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ gbòòrò láti inú igbó Imú Erin, a ó máa bi ara wa pé, "Ta ni bàbá yìí ń ké sí, níbi tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbébẹ̀?" Ẹ fi ìyẹn sápò, ó ṣì máa wúlò.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn apẹja wa lọ sójú òkun ńlá, Fọlárìn ọmọ mi kan ṣoṣo sì wà nínú wọn. Ọmọ ọdẹ tó ní àjẹ̀ wu òun ju ìbọn lọ, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹja náà ẹran ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Bàbá Ṣówándé dúró sínú omi títí dé orúnkún, ó ń súre, ó ń kígbe, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ wọn fi kéré bí èèrà lójú omi. Ó wá ku ọ̀túnla kí wọ́n dé, a rí bàbá náà nílùú, ó fi aṣọ wé ọrùn, ó gba epo rẹ̀, ó sì lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹnu yà wá, àmọ́ a gbádùn ìdákẹ́jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé àtùpà ṣókùnkùn, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sí iná. Òkun dúdú, ilẹ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ máa dé nírọ̀lẹ́ nìyẹn o, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ géńdé lọ wò ó. Wọ́n gba ìdí igi àgbọn wọlé tìgboyàtìgboyà. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi gba ìdí igi àgbọn jáde, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní àwọn ń rí ilé àtùpà, àwọn ń rìn lọ bá a, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò yà síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ fi àdá la igbó lọ ní tààrà, ojú ọ̀nà kan náà làwọn tún jáde sí. Ọ̀kan nínú wọn kí wa pé ẹ kú ilé, ó sì bi wá pé ìlú wo nìyí.

Àwẹ̀ró wá dúró níwájú mi. Ó di púpurú àti ẹja sísun sínú ewé, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Arìnmáró, ọmọ mi wà lójú omi."

Kò pè mí ní Baba Fọlárìn. Bí obìnrin bá fi orúkọ oyè pe ọkọ rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, kí ọkọ náà dìde. Mo wọ gbẹ̀rì, mo gbé ìbọn, mo gbé àpò kọ́ apá, mo ní, "Kí oòrùn tó wọ̀, iná á ti tàn."

Ó ní, "Kí ohunkóhun tí o bá bá níbẹ̀ o."

Mo ní, "Ọdẹ kì í kí ẹran."

Mo wọ Imú Erin bí ẹni wọ ilé àna rẹ̀ láìmú ẹ̀bùn dání, mo ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, mo fi àyà lé iwájú. N kò tíì rìn jìnnà tí mo rí ipasẹ̀ lórí iyanrìn tútù, ipasẹ̀ obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa omi, ó kọjú síwájú. Inú mi dùn. Mo ní olè tó jí iná gbé nìyí, òun ló ń lọ yìí. Mo tẹ̀ lé e, mo ń gba abẹ́ ẹ̀ka, mo ń fo ihò akàn, bí mo ṣe ń yára tó, ipasẹ̀ náà ṣì wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ọdẹ, ṣé ìwọ lò ń lé mi ni, àbí èmi ni mò ń lé ọ?"

Mo yíjú padà. Ìwin obìnrin kan ló jókòó sórí kùkùté, ó ń jẹ èso igbó. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ ló wà níwájú, ọmọ ìka ló wà lẹ́yìn! Abẹ̀yìntẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ibi tó ti ń bọ̀ ni èmi ọlọ́gbọ́n ń lé e lọ, ó sì ti kọjá lára mi nígbà tí mo tẹ orí mọ́lẹ̀ tí mò ń ka ipasẹ̀ rẹ̀. Èmi, Arìnmáró! Mo na ìbọn sí i.

Kò tilẹ̀ wo ìbọn náà. Ó ní, "Ibo lò ń lọ?"

"Ilé àtùpà."

"Ta ló mọ̀ pé ò ń bọ̀?"

Mo gbé orí sókè. Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń mọ̀ pé mò ń bọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé mò ń bọ̀, mo ti dé ná."

Ìwin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí kùkùté. Ó fi ẹsẹ̀ òdì yẹn gbá ilẹ̀, ó nu omi ojú. Ó ní, "Ọmọ èèyàn, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. A ó tún pàdé."

Mo lọ. Mo yí imú náà, mo sì sún mọ́ ilé àtùpà débi pé mo rí ìgbẹ́ ẹyẹ lára ògiri rẹ̀. Mo ní wàyí o! Mo gbé ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún, mo gbé e lósì. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, igi àgbọn méjì ló wà níwájú mi, gbogbo ìlú sì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọdẹ, o mà tètè dé! Àtùpà ńkọ́?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìrìn rẹ̀ kì í ró, ìdí nìyẹn tí ilé àtùpà kò fi gbọ́ pé ó dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo oòrùn, ó wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ padà sí òkun. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn èébú kan wà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo pẹ̀yìn dà, mo tún wọlé.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí n kò tọ ipasẹ̀ kankan. Mo gba abẹ́ igi, níbi tí òjìji ti ṣú, ibẹ̀ ni mo ti bá ẹ̀dá kan tó dùbúlẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò ńlá. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹní, ó fi èkejì bora. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó yọ orí lábẹ́ etí, ó ní, "Rọra o, jọ̀wọ́. Ikọ́ tí ìjàlọ kan ń wú ti ń dà mí láàmú láti àárọ̀."

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé mo wà níbí? N kò ró."

Ó kérora. Ó ní, "Irùngbọ̀n rẹ ń hù. Mò ń gbọ́ ọ." Ó wá tẹjú mọ́ mi, ó dìde jókòó lójijì, etí rẹ̀ méjèèjì gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. "Dúró ná! Mí kí n gbọ́. Áà! Ìwọ ni! Ìwọ lo máa ń hanrun nílùú yẹn lóròòru! Ọkùnrin yìí, mo ti ń wá ọ! Gbogbo ayé ló ń dí mi lọ́wọ́ orun: akàn ń jẹun, gbòǹgbò ń mumi, ẹja ń ṣépè fún ara wọn. Ìhanrun rẹ nìkan ló máa ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ tí mo fi ń rí oorun díẹ̀ sùn. Bí o bá lọ sóko ọdẹ, mo gbé!"

Ẹ wo ìtìjú o. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń yangàn pé n kì í ró, àṣé bí mo bá ti sùn tán, èmi ni mò ń dí igbó lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ti sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà, mo ní irọ́ ló ń pa.

Mo ní, "Elétí-Kókò, ta ló di ọ̀nà ilé àtùpà?"

Ó ní, "Kò sí ẹni tó dí i. Ilé onílé ni Imú Erin látòkè délẹ̀, igbó kọ́. Bí àlejò kò bá mú ohun tó yẹ dání, ọ̀nà á kàn fi sùúrù sìn ín padà sẹ́nu ibodè ni. Bí o bá fún mi ní ìhanrun rẹ, màá fi àlọ́ kan sọ ohun tó yẹ kí o mú dání fún ọ. N kò gbọdọ̀ là á mọ́lẹ̀. Onílé á fà mí létí, ìwọ náà sì rí bí iṣẹ́ yẹn ṣe máa pọ̀ tó."

Mo rò ó wò. Mo ní ta ló ń fi ìhanrun ra nǹkan rí tí mo fẹ́ máa ṣahun rẹ̀? Mo ní ó gbà. Ó fi ọmọ ìka méjì di imú mi mú, ó fa nǹkan kan jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń fa ìgbín nínú ìkarahun. Mo gbọ́ ọ tó ń jáde, gbuuuru, bí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lórí iyanrìn. Ó gbé e sí imú tirẹ̀, orun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Ó ní, "Àlọ́ ọ̀ o."

"Àlọ̀."

"Ó ń ṣáájú àlejò wọlé, kò lẹ́sẹ̀. Onílé kì í fún un ní ìjókòó, kì í bu omi fún un. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣáájú dé, olè ni àlejò. Kí ni o?"

Mo ní, "Òjìji ni."

"Ọjọ́ tí oòrùn kò bá ràn ńkọ́?"

"Òórùn ara ni."

"Tìrẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe òun."

"Òkìkí ni! Òkìkí mi máa ń ṣáájú mi débi gbogbo."

Ó ní, "Kí ló ṣe tí òkìkí rẹ dé, tí ìwọ kò dé?" Ó fi etí bora, ó sì hanrun. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ewé já lórí igi. Bí mo ṣe máa ń hanrun nìyẹn? Àwẹ̀ró, mo bẹ̀ ọ́ o.

Ẹ dákẹ́! Mo rí i pé ìdáhùn ti ń yún yín lẹ́nu. Ó rọrùn láti já àlọ́ nídìí iná. Ẹ lọ sínú igbó, kí ọmọ yín wà lójú omi, kí oòrùn máa fà sísàlẹ̀, kí ẹ wá já a. Mo ń rìn, mo ń rò ó, nígbà tí mo rí nǹkan kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ara rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ga, ó rí bí àpótí. Kò lójú, kò nímú, aṣọ ló fi bo gbogbo rẹ̀. Bó ti rí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń sáré bọ̀, ó ń ṣe "hẹẹẹ, hẹẹẹ" bí ejò tó bínú. Mo ní ikú dé! Mo gbé ìbọn, mo fà á. Ìbọn náà ní "pẹ́." Ó yẹ kó ní "gbòà"! Ìrì òkun ti mu ẹ̀tù inú rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ iyọ̀, ẹ̀yin ará, nítorí nǹkan náà dé iwájú mi, ó sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ kalẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo ni. Ó tú aṣọ ojú rẹ̀. Bàbá Ṣówándé ni!

Mo ní, "Bàbá! Kí ló ṣe yín? Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

Ó ya ẹnu. "Hẹẹẹ." Ó fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. Ó ṣe bí ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń ké pe èrò inú ọkọ̀, ó sì fọwọ́ gé ọrùn. Ó yé mi: ibi tó ti ń súre fún àwọn apẹja lohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há, títí ó fi lọ pátápátá. Ẹnu tó tóbi jù nílùú wa, ó ti kọ̀ṣẹ́. Ó tọ́ka sí ilé àtùpà, ó fi ìka yí afẹ́fẹ́ po, ó yí i po, ó yí i po. Òun náà ti ń yí Imú Erin ká pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí láti ìjẹta, kò sì rọ́nà wọlé tirẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ìdí igi àgbọn, ọ̀nà á gbé e padà sínú. Bó bá ti ń sún mọ́ ilé àtùpà, ọ̀nà á gbé e jáde. Bàbá náà fẹ́ sunkún.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan. Ó kọjú sí ilé àtùpà, ó bọ́ fìlà, ó tẹríba díẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó sì ké igbe tí kò ní ohùn nínú. Mo tẹjú mọ́ ètè rẹ̀. Igbe tó máa ń ké bó bá ń padà lọ, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Àgò ni! Bàbá yìí ń kágò wọ Imú Erin lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, àwa ń rò pé ó ti ń ya wèrè!

Mo wá mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Kí èmi Arìnmáró dúró láàárín igbó, kí n pariwo? Ọdẹ tó bá lahùn nínú igbó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a jókòó mọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọra sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n: "Àgò."

Ohùn obìnrin arúgbó kan dáhùn, n kò mọ̀ bóyá láti inú ilẹ̀ ni tàbí láti inú igi: "Ta ló ń mí níbẹ̀?"

Abẹ̀yìntẹlẹ̀ yọ jáde lẹ́yìn igi kan, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní, "Ọdẹ, Ìyá Onílé ti dàgbà. Ìgbì ti ń pariwo mọ́ ọn létí látọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé. Sọ̀rọ̀ sókè."

Mo ní, "Àgò o," bí ọkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ níwájú àna.

Ìyá náà ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni, kó máa lọ. Mò ń sùn."

Mo wo òkun. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ omi tán, ojú òkun ń ṣú. Mo rí ọkọ̀ wọn, wọ́n ti sún mọ́ tòsí, wọ́n sì kọ orí sí Eyín Erin tààrà bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè. Fọlárìn wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́, orúkọ dára, òkìkí dára, ṣùgbọ́n orúkọ kì í pe èèyàn ní bàbá. Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo bọ́ fìlà onírun ìgalà mi. Mo la ẹsẹ̀, mo fa afẹ́fẹ́ òkun sínú títí ìgbàdí mi fi já, gbogbo ariwo tí n kò tíì pa láti ọjọ́ tí mo ti di ọdẹ, mo kó o jọ, mo sì tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà:

"ÀGÒ ONÍLÉ OOO!"

Ẹyẹ òkun fò bo ojú ọ̀run. Akàn wọ ihò. Elétí-Kókò ta jí níbi tó wà, ó ń ṣépè. Bẹ́ẹ̀ ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàkiri igbó náà. Ìgalà yọrí, ètu yọrí, ọ̀yà yọrí, gbogbo ẹran tí mo ti ń yọ́ kẹ́lẹ́ bá láti ìgbà èwe mi ló jáde wá wò mí, wọ́n wò mí látorí dé àtàǹpàkò. Mo gbọ́ tí ìgalà kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Òun nìyẹn. Fetí sí ohùn yẹn dáadáa. Òun ló fa ìrù bàbá rẹ."

Ilẹ̀ mì díẹ̀, bí àgbà tó ń dìde nídìí ẹní. Ìyá Onílé ní, "Àgò yà, ọmọ mi. Wọlé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ dé? Ta ni ìyá rẹ tí kò kọ́ ọ láti máa kágò?"

Mo ní, "Ó kọ́ mi, Mààmá. Èmi ni mo gbàgbé."

Ó ní, "Ìyẹn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ńkọ́, èyí tó ń rìn yí ilé mi ká bí alárìnká, tí kò kí mi?"

Mo ní, "Bàbá Ṣówándé ni, Mààmá. Ohùn rẹ̀ há ni. Mo bá a kágò mọ́ tèmi."

"Háà, ọ̀rẹ́ mi! Ẹ jẹ́ kó tètè wọlé o. Ilé ti dákẹ́ jù."

Ọ̀nà tó ti ń wé bí ejò látàárọ̀ nà tọ́ọ́nrọ́n. A sáré. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, bàbá ṣí ilẹ̀kùn, a gun àtẹ̀gùn tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ojú mi ń pòòyì. Bàbá fọ́n ìṣáná dànù, èmi ni mo ṣá a. Òwú àtùpà fa epo, iná gbà, dígí ńlá yẹn gbé ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì sọ ọ́ sójú omi bí ẹni tó tẹ́ ẹní funfun.

Nígbà tí a dé èbúté, ọkọ̀ wọn ti ń gúnlẹ̀, kò sí èyí tó fara gbọgbẹ́. Àwẹ̀ró ti di Fọlárìn mú, ó ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun tí o rí iná wa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, iná kọ́ o. A ti dé etí Eyín Erin kí iná tó tàn. Mo ti ń rí funfun omi níbi tó ti ń hó. Bẹ́ẹ̀ la gbọ́ àgò lápá òsì. Mo ní, 'Bàbá mi nìyẹn! Ibẹ̀ ni Imú Erin wà, ẹ yí ọkọ̀!' Ọ̀gá wa ní irọ́ ni, pé bàbá mi kì í lahùn. Mo ní, 'Ọ̀gá, mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhanrun bàbá mi láti kékeré. Kò sí ohùn méjì tó rí bẹ́ẹ̀ láyé.' A yí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni iná tó wá tàn, a wá rí ohun tí a ì bá forí sọ."

Àwẹ̀ró wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo kágò?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Tún un kí, kí n gbọ́." Ọmọ Etí-Ìgbì, níwájú gbogbo ìlú, obìnrin yẹn ní kí n tún un kí. Mo sì tún un kí.

Bí Arìnmáró ṣe kú nìyẹn tí Bàbá Alágò sì fi dáyé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ igbó, ẹran á ti sọ fún ẹran. Pàkúté ni mo ń dẹ báyìí, ẹ má sì bú mi. Ìkòkò Àwẹ̀ró kò fọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Oṣù kò tíì lé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ẹní, ó ní ilé ti dákẹ́ jù, orun kò wá, ó ní kí n lọ gba ìhanrun mi padà. Mo lọ. Mo kágò, wọ́n ní kí n wọlé. Elétí-Kókò kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ó fi etí bora, ó ń sùn, ó sì sanra. N kò ní ọkàn láti jí i.

Nítorí náà ni Àwẹ̀ró kì í fi í ti fèrèsé tó kọjú sí Imú Erin, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ọ̀rinrin. Bí atẹ́gùn bá ti ibẹ̀ fẹ́ wá, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á fa aṣọ bora, orun á gbé e lọ. Ó tó, ẹ bu omi sí iná. Ẹ dúró ná, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ gbọ́ gbuuuru tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn? Àlejò, o rò pé ìgbì ni, àbí?

Ìgbì kọ́.